Ọkùnrin Tó Pe Waliyat Lẹ́jọ́ Nítorí Ó Ń Jí Fìtílà Dìde

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ Ìdí-Ìyeyè ní Ọ̀yọ́ lánàá, èmi tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, n kò kọ irú rẹ̀ rí. Ọkùnrin kan ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wọ kóòtù, ó so táì, ó dọ̀bálẹ̀ tán, ó ní kí Baálẹ̀ bá òun mú obìnrin kan tó ń jí òkú dìde.

Baálẹ̀ gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀.

"Òkú ta ni?"

"Òkú tèmi ni, Baálẹ̀."

"Ìwọ náà ti kú ni?"

"Rárá o, Baba. Òkú fìtílà mi ni mò ń wí."

Ebenezer lorúkọ ọkùnrin náà. Ó ní iléeṣẹ́ kan lẹ́yìn Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń to fìtílà sólà pọ̀, irú èyí tí oòrùn máa ń ṣájì. Orúkọ tó sọ fìtílà ọ̀hún ni Ìmọ́lẹ̀ Ayérayé. Obìnrin tó pè lẹ́jọ́ ni Waliyat, tó ń tún rédíò, fáànù àti fìtílà ṣe nítòsí ọjà Akẹ̀sán, iṣẹ́ tó kọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí Ebenezer ti fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà pa. Waliyat kúnlẹ̀ síwájú Baálẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò bá a wọnú.

"Ro ẹjọ́ rẹ," Baálẹ̀ wí fún Ebenezer.

"Kí ẹ̀mí yín gùn, Baálẹ̀. Àwa oníléeṣẹ́ òde òní, a kì í ṣàdédé ṣe ọjà. Láti ọjọ́ tí a bá ti bí ọjà títí di ọjọ́ tó máa kú, a ti ṣètò gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láìfù sáíkù là ń pè é."

"Ó dára. Ìmọ́lẹ̀ Ayérayé tìrẹ yìí, ìgbà wo ló máa ń kú?"

"Oṣù mẹ́wàá, Baálẹ̀."

Ọ̀tún, tó jẹ́ igbá kejì Baálẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Ayérayé oṣù mẹ́wàá!"

"Bó bá ti pé oṣù mẹ́wàá, bátìrì inú rẹ̀ á kú, oníbàárà á ra òmíràn, gbogbo wa á sì jẹun. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí! Wọn ò ní tíì gbé òkú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán, á ti jí i. Òmíràn ti lo ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta, Baálẹ̀! Fìtílà tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó kú, ṣé fìtílà gidi nìyẹn? Tuntun kún iléeṣẹ́ mi dé àjà, ẹnikẹ́ni ò rà á mọ́."

Ó gbé páálí fìtílà kan síwájú àwọn ìjòyè. Wọ́n ya ewé tútù kan sí i lára.

"Kí ni ewé yìí wà fún?" Ọ̀tún bèèrè. Àgbẹ̀ ni Ọ̀tún, ó mọ ewé.

"Ó ń sọ pé ọjà wa kì í ba ayé jẹ́, Baba."

"Ewé kí ni?"

"Ewé... ewé ṣáà ni, Baba."

Ọ̀tún gbé páálí náà sún mọ́ ojú. "Èsìsì ni. Ewé tó ń jó ni lára. Àwọn fìtílà tó ti kú wá ńkọ́, ibo lẹ ń sin wọ́n sí?"

"Ìyẹn ò kàn wá mọ́, Baba. Ẹni tó bá ra nǹkan ló ni òkú rẹ̀."

"Ẹ̀yìn kànga mi ni wọ́n ń dà wọ́n sí!" Ọ̀tún ju páálí nù. "Omi tí mò ń mu láti kékeré! Bí mo bá mu ún báyìí, àfi bí ẹni ń lá ìṣó!"

Baálẹ̀ fọwọ́ pẹ̀tù sí i. Ó kọjú sí Waliyat.

"Ìwọ Waliyat, ṣé lóòótọ́ lo ń tú fìtílà ọkùnrin yìí?"

"Rárá o, Baálẹ̀. N kò tú u rí láyé mi."

"Báwo ló ṣe wá ń tàn?"

"Ìtìjú ni, Baálẹ̀."

"Ìtìjú kẹ̀?"

"Bí wọ́n bá ti gbé e dé, mo máa ń gbé e ka orí tábìlì, màá wá ka orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára sí i létí. 'Ìmọ́lẹ̀ Ayérayé! Oṣù mẹ́wàá péré?' Ojú á tì í, Baálẹ̀. Kì í pẹ́ táá fi tàn."

Gbogbo ààfin hó yèè. Ebenezer fa fìtílà kan yọ nínú báàgì, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí Baálẹ̀. Ihò onígun mẹ́rin kan wà níbẹ̀, iná ti jó etí rẹ̀ dúdú, wọ́n sì ti fi sukurú mẹ́rin dé e padà.

"Ihò yìí ńkọ́? Ṣé ìtìjú náà ló lu ú?"

Waliyat wo ihò náà bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ooru ló ń mú un, Baálẹ̀. Mo kàn ṣí fèrèsé fún un ni."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí Waliyat. Marufat ni, obìnrin tó ń sin òròmọdìẹ lẹ́yìn ààfin. Fìtílà Ebenezer ló máa ń tàn sí wọn kí eku má baà sún mọ́ wọn.

"Ojú mi ló ṣe, Baálẹ̀. Waliyat ò fọwọ́ kàn án rárá. Ó kàn bá a wí ni."

"Ó bá a wí pẹ́ tó ìgbà wo?"

"Bíi wákàtí kan. Ó tiẹ̀ ní kí n lọ ra bátìrì tuntun wá kí òun fi..." Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ó fi ṣe kí ni?"

"Kí ó fi dẹ́rù bà á, Baálẹ̀."

"Marufat!"

"Ẹ ṣàánú mi, Baba. Ó tú u. Irin gbígbóná ló fi la ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí kò síbi téèyàn lè gbà ṣí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí fìtílà yẹn kú, eku kó òròmọdìẹ mẹ́rìnlélógún mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sunkún dé ṣọ́ọ̀bù Waliyat. Ẹni tó ṣe fìtílà, n kò mọ ilé rẹ̀. Ta ni kí n gbé e lọ bá?"

Baálẹ̀ ní kí ẹlẹ́rìí Ebenezer bọ́ síwájú. Elijah lorúkọ rẹ̀, òun ni olórí àwọn tó ń to fìtílà náà pọ̀ ní iléeṣẹ́. Wọ́n mú un búra.

"Elijah, kí ló dé tó jẹ́ gílúù lẹ fi ń lẹ ẹ̀yìn fìtílà pa? Ṣé sukurú wọ́n ni?"

Elijah wo ojú ọ̀gá rẹ̀. "Kí omi má baà wọ inú rẹ̀ ni, Baálẹ̀."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n bu omi wá. Wọ́n ri fìtílà tuntun kan, tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú, sínú abọ́. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n mì í. Omi ń ró nínú rẹ̀ bí omi inú àgbọn.

"Elijah?"

"Àṣìsọ ni, Baálẹ̀. Kí èèyàn má baà wọ inú rẹ̀ ni mo fẹ́ wí."

"Elijah!" Ebenezer jágbe.

"Ọ̀gá, mo ti búra! Baálẹ̀, sukurú mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Èmi gan-an ni mò ń dè é. Ọ̀gá ló ní kí a yọ wọ́n, pé àwọn èèyàn ti ń rí i tún ṣe jù."

Ebenezer rí i pé ẹjọ́ ń bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó sáré fa fìtílà mìíràn jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì tàn yòò.

"Ẹ wo èyí, Baálẹ̀. Yàrá tèmi ló wà. Ọdún méjì ààbọ̀ rèé, kò kú! Òun ni mo fi ń han àwọn oníbàárà kí wọ́n lè mọ bí iṣẹ́ wa ṣe dára tó."

"O ní oṣù mẹ́wàá ló máa ń kú."

"Tàwọn tí ò mọ ìtọ́jú nìyẹn, Baálẹ̀."

Obìnrin kan rọra dìde lẹ́yìn. Oyèrónkẹ́ ni, ìyàwó Ebenezer. Láti àárọ̀ ló ti jókòó síbẹ̀.

"Dádì Ẹniọlá, ẹ má bínú sí mi."

"Mọ́mì Ẹniọlá, jókòó."

"N kò lè jókòó mọ́. Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yí ẹ̀yìn fìtílà yẹn wò."

Wọ́n yí i. Bébà aláwọ̀ òdòdó kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Oyèrónkẹ́ fi èékánná ṣí bébà náà kúrò. Ihò onígun mẹ́rin, sukurú mẹ́rin.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kú," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo gbé e wá fún Waliyat nígbà tí mo wá kí ìyá mi ní Ọ̀yọ́ níbí. Àràárọ̀ lọkọ mi máa ń yọ̀ sí i, táá máa pe àwọn èèyàn wá wò ó. N kò láyà láti sọ fún un."

Ebenezer jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì?" ó bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti kéré. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wí i, ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè forí korí. Kò pẹ́ rárá. Baálẹ̀ wúkọ́.

"Waliyat, o jẹ̀bi irọ́. Fìtílà kì í tijú, ẹni tó ṣe é ló yẹ kó tijú. Ìyà rẹ ni pé láti òní lọ, kí o tó tún Ìmọ́lẹ̀ Ayérayé kankan ṣe, wàá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i bí àgbàlagbà. Gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ.

"Ebenezer, gbogbo fìtílà rẹ tó ti kú ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ń bọ̀. Ẹni tó bímọ kì í sọ pé òkú ọmọ ò kan òun. Pálọ̀ rẹ ni wọ́n máa kó wọn sí, títí tí o fi máa rí ohun tí o máa fi wọ́n ṣe. Wọn ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ kan kànga. Ó wá ku ọ̀rọ̀ gílúù. Ẹ bá mi pe Israfil."

Israfil ni télọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ó dé tòun ti abẹ́rẹ́.

"Rán ṣòkòtò ọkùnrin yìí pa mọ́ ọn lára. Rán ojú síìpù pa, rán bẹ́líìtì mọ́ ọn. Ibi tí abẹ́rẹ́ ò bá dé, fi gílúù tirẹ̀ gan-an sí i. Ìgbà tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fìtílà kan tó ṣeé ṣí, tó sì ṣeé dé padà, ìgbà náà la máa tú u sílẹ̀."

"Baálẹ̀! Bí mo bá fẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?"

"Ju ara rẹ nù, kí o ra Ebenezer tuntun."

Israfil rán an pa. Ṣé ẹ mọ̀ pé Ebenezer ti mu omi ike méjì kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ púpọ̀ tó ní láti sọ? Kò tíì tó wákàtí kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ kan lé ìkejì. Òógùn bò ó. Níkẹyìn, ó fa ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó fẹ́ kí wọ́n tì mọ́lé.

"Ẹ̀gbọ́n Waliyat. Ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ ní sukurú lọ́wọ́?"

"Mẹ́rin péré. Ṣé o mọ̀ ọ́n dè?"

"Ẹ kọ́ mi, mà. Ẹ tètè kọ́ mi."

"Iṣẹ́ yìí ò fẹ́ ìkánjú, àbúrò mi."

Waliyat ránni lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó da omi inú fìtílà tuntun tí wọ́n rì sínú abọ́ nù, ó fi irin gbígbóná la ẹ̀yìn rẹ̀, ó nu bátìrì, ó gbé e ka orí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ìmọ́lẹ̀ Ayérayé, ẹ kú ìrìn àjò. Ilé ńkọ́? Àwọn tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní Takie, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

"Baálẹ̀ ló pàṣẹ."

Ebenezer gba sukurú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Sukurú kan já bọ́, ó wá a nílẹ̀, itan rẹ̀ méjèèjì dì mọ́ra. Ó de àkọ́kọ́, ó de èkejì. Nígbà tó de ẹ̀kẹrin, Ọ̀tún ní òun ò rí i dáadáa, kí ó tú u kí ó tún un dè. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń ṣe é. Fìtílà tàn. Israfil mú síńsọ̀, ó gé ṣòkòtò náà láti ìdí dé orúnkún, Ebenezer sì fò jáde bí ìgalà.

Ó pẹ́ kó tó padà. Ìborùn ìyàwó rẹ̀ ló ró mọ́dìí. A rò pé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ló máa gbà lọ, ṣùgbọ́n ó wá jókòó ti Waliyat lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé fìtílà náà, ó ń yí i síwá-sẹ́yìn.

"Bí a bá gbé bátìrì yìí súnwájú díẹ̀," ó wí, "ẹ ò ní nílò láti fi irin gbígbóná jó wáyà kankan pọ̀. Á kàn wọlé, á kàn jáde."

Waliyat wò ó. "O mọ èyí láti ìgbà yìí wá?"

"Mo mọ̀ ọ́n." Kò gbójú sókè. "Ẹ gbé òmíràn wá, mà."

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Baálẹ̀ dìde pé òun ń lọ jẹun. Bó ti ń kọjá lọ, ó tẹ̀ sí etí Israfil.

"Má tíì kó abẹ́rẹ́ rẹ nílẹ̀ o."