Káàdì Tó Ń Sùn Bó Bá Ti Wọ Ọ̀yọ́

Wọ́n ní káàdì kọ̀ǹpútà, èyí tó ń gbé àwòrán jáde, tí èèyàn bá rà á ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ní bó bá ti rí òrùlé ìlú náà lókèèrè báyìí, oorun ni. Pé ọ̀kan tilẹ̀ hanrun nínú mọ́tò títí dé ọjà Akẹ̀sán, tí àwọn èrò ń wo ara wọn lójú. Nígbà tí Fisáyọ̀, tó ń ta káàdì ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rín ló fi rín. Àfìgbà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é pé àwọn ò wá mọ́. Ló bá ti ṣọ́ọ̀bù, ó di Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, lọ́dọ̀ Bàbá Ògúnṣọlá, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń ya fídíò, ẹni tó ra ọ̀kan nínú káàdì rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó bá a níbi tó jókòó ti kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá." Fisáyọ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn."

"Ìwọ náà lo ta aláìsàn fún mi! Òògùn oorun wo lẹ ń fi sínú ọjà yín lọ́hùn-ún?"

"Bá a bá ní òògùn oorun, Bàbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ké mọ́jú là bá kọ́kọ́ fún. Kí ni káàdì náà ń ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn."

"Pùrósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ rà mọ́ ọn ńkọ́?"

"Áà, ìyẹn! Ọpọlọ gidi nìyẹn. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lára bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà ti ṣí. Òun mọ̀ pé Ọ̀yọ́ lòun wà, ó hùwà ọmọlúàbí."

"Ọjà Igbó kan náà lẹ ti rà á, sà."

Bàbá wúkọ́. "Kò sílé tí ọmọ rere kan kì í sí."

Ó tẹ fídíò ìgbéyàwó kan. Lójú mónítọ̀, àlùfáà gbé ọwọ́ sókè láti súre fún ọkọ àti ìyàwó. Ọwọ́ náà dúró sókè. Kò sọ̀ mọ́.

"Wò ó! Àtàná ló ti ń súre fún wọn. Ìyàwó á ti bímọ kí 'Àmín' tó dé."

Fisáyọ̀ bẹ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wò. Ó tún un wò. Ó wá fi eyín di ètè mú.

"Bàbá, ta ló tò ó?"

"Ta ni ì bá tún tò ó? Mo ti ń tú kámẹ́rà kí bàbá ẹ tó mọ ìyá ẹ."

"Mo gbà. Káàdì jókòó dáadáa, ẹ ò dá a lápá. Wáyà mónítọ̀ yìí ńkọ́, ihò wo lẹ fi sí?"

"Ihò tó ti wà lára kọ̀ǹpútà látilẹ̀."

"Káàdì náà ní ihò tirẹ̀."

"Mo rí i."

"Ẹ rí i?"

"Ṣé ojú mi fọ́ ni? Ó pẹ́ tí ihò òkè yẹn ti ń sìn mí, Fisáyọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, ṣé òun ni màá gbé ipò àgbà fún? Kó kọ́kọ́ jókòó, kó wo bá a ṣe ń ṣe nílé yìí."

"Ẹ ní kó jókòó."

"Kó jókòó!"

"Ó sì jókòó, Bàbá! Ọmọ tó gbọ́ràn tó báyìí, ẹ tún ń pè é lọ́lẹ!"

"Ọmọ tó mọṣẹ́ á máa ran àgbà lọ́wọ́ láti ẹ̀yìn."

"Ibi tẹ́ ẹ bá ki wáyà bọ̀ nìkan ni àwòrán ti ń jáde, sà. Ẹ bo ọmọ lẹ́nu, ẹ wá ń bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀."

Bàbá wo ihò àtijọ́ náà, àánú rẹ̀ ṣe é. "Ṣé kí n wá lé àgbà jáde ni?"

"Ta ní ń lé e? Ó ti ṣe bẹbẹ. Ó ti pẹ́ lórí oyè. Kó fẹ̀yìn tì, kí ọmọdé náà gbìyànjú."

Bàbá Ògúnṣọlá dìde fùú. "Ta ló rán ẹ? Ṣé ẹgbẹ́ ló ní kó o wá sọ ìyẹn fún mi?"

"Áà! Wáyà ni mò ń sọ o, sà! Wáyà!"

Ó jókòó padà díẹ̀díẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó rọra yọ wáyà náà bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ, ó ní "Má bínú" fún ihò àtijọ́, ó wá kì í bọ ihò ara káàdì. Mónítọ̀ ṣẹ́jú, ó là. Ọwọ́ àlùfáà sọ̀. Gbogbo ìjọ hó "Àmín!" Ìyàwó yí padà, ó ń rìn geerege lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ bá mi sọ fún ẹgbẹ́ o, Bàbá. Ṣọ́ọ̀bù mi ń kú lọ."

Bàbá gbé fóònù, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wáṣáàpù, ó fẹ àyà. "Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, alága yín ni o. Mo ti bá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wọ̀yá ìjà, mo sì ti jí káàdì náà kúrò lójú oorun—"

Fisáyọ̀ kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó na ẹnu sídìí fóònù: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá mi. Káàdì ò sùn rí. Ihò tí kì í ṣe tiẹ̀ ni wọ́n fi wáyà mónítọ̀ sí."