Bí Dókítà Ṣànyàolú Ṣe Ṣẹ́gun Ìṣẹ́jú-àáyá Mẹ́wàá

Dókítà Ìdòwú Ṣànyàolú, ọmọ Ṣànyàolú tó pín lẹ́tà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n láìjẹ́ kí ajá bù ú jẹ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ọmọ-ọmọ Adénúgà ará Ìjẹ̀bú-Igbó tó tẹjú mọ́ ewúrẹ́ títí ewúrẹ́ fi ìtìjú kúrò nídìí iṣu, akọni tí kò gbé idà, tí kò gbé ìbọn, tó jẹ́ pé aago kékeré àti bírò ló fi ń jagun, ẹ bá mi kí i!

Iṣẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ gíga ni láti mọ ohun tí ọmọ ọwọ́ ń rí. Yóò gbé àwòrán ojú obìnrin àti àwòrán ṣíbí sára ògiri, yóò fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, yóò sì máa ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ọmọ fi wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé ojú ènìyàn ni ọmọ ń fẹ́ wò ju ṣíbí lọ. Ọmọ mọ́kàndínlógún ti jẹ́rìí rẹ̀. Ó ku ẹyọ kan kí ogún pé, bẹ́ẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ á gba yàrá tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Bí ọmọ kan tó kù yìí bá bọ́, iṣẹ́ ọdún méjì wọgbó nìyẹn.

Ìbídàpọ̀ lorúkọ ọmọ náà, ọmọ oṣù mẹ́fà, eléyín méjì, ó jókòó sórí itan ìyá rẹ̀ bí ọba. Òfin ogun kò ju ẹyọ kan lọ: kí ọmọ wo àwòrán fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọhùn.

Ó rọrùn lẹ́nu. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kẹrin, Ìbídàpọ̀ sín. Ta ni ọmọ Yorùbá tí ọmọ ọwọ́ yóò sín lójú rẹ̀, tí yóò dákẹ́ bí igi?

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí, ọmọ sì yíjú sí i.

"Ìyá Dàpọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ̀rọ̀," ni Dókítà bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ forí jì mí sà. Ẹnu mi ló yára."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú-àáyá keje, ọmọ tún sín. Ìyá Dàpọ̀ fọwọ́ bo ẹnu, ó fara dà á bí akin, ṣùgbọ́n ohùn ńlá kan bú jáde lẹ́yìn aṣọ ìkélé: "Pẹ̀lẹ́ o! Wàá dàgbà, wàá dògbó!" Dókítà fúnra rẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹnu ara rẹ̀ ló fẹ́ pa akọni. Ojú tì í débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ìgbà yìí ni ọmọ Ìjẹ̀bú ṣọkàn gírí. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ká a, ó sì ki í bọ ẹnu ara rẹ̀ dé èrìgì. Ìbídàpọ̀ sín. Ó tún sín. Omi dà lójú Dókítà, ìyá ń gbọ̀n lórí àga, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Aago ké: mẹ́wàá pé!

Ṣùgbọ́n ṣíbí ni ọmọ náà ń wò, láti orí ọ̀kan dé orí ẹ̀wá. Ó dun Dókítà dọ́kàn. Bó bá kọ "ojú" sínú ìwé, ta ni yóò mọ̀? Ó mí kanlẹ̀, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú ìrora: ṣíbí.

"Ẹ má bínú sà," ni Ìyá Dàpọ̀ wí, "ebi ló ń pa á. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má tíì fún un ní ògì."

Kí àwọn tó gba ìlú sún sẹ́yìn díẹ̀! Kí àwọn tó pa erin káwọ́ sẹ́yìn! Ìdòwú Ṣànyàolú dákẹ́ nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ sín, ó sì kọ òótọ́ tó ta ko ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kì bá yẹ̀ wò. Ogún ti pé o!