Àgbébọ̀ Tó Bà Lé Okùn Nẹ́tíwọ̀kì Ìwó

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá ńlá òun, ẹ bi í bóyá ó wà níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Èmi ni mo di àkàbà mú.

Ìwó ló ti ṣẹlẹ̀, nílé-iṣẹ́ adìẹ kan tí mo ti ń wọn oúnjẹ adìẹ nígbà náà. Kọ̀ǹpútà méjìlá ló wà lọ́fíìsì wa, àwọn pẹlẹbẹ kan báyìí tí kò tóbi ju páálí bisikíìtì lọ. Wọn ò ní ọpọlọ tara wọn. Ohunkóhun tí ẹ bá rí lójú wọn, ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gbà á. Ìyálé la máa ń pè é. Sàráfátù ló ń tọ́jú gbogbo wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo, ṣùgbọ́n tí kì í gbàgbé ọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ ńlá kan láti Èkó rà wá, tadìẹ tènìyàn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ Ìyálé ti Ìwó mọ́, pé kí kọ̀ǹpútà méjèèjìlá kọjú sí Ìyálé tiwọn l'Ékòó. Wọ́n wá rán Ẹnjiníà Ọláòtán sí wa pẹ̀lú àṣẹ kan: bí wọn ò bá tíì kọjú s'Ékòó tán kí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó lù, kí wọ́n ti ọ́fíìsì Ìwó pa, kí wọ́n kó iṣẹ́ wa lọ s'Ékòó. Sàráfátù ní ìyá arúgbó tó ń tọ́jú nílé, kò lè fi Ìwó sílẹ̀. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òrùlé ilé mi tán ni. Ẹ̀rù bà wá, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín.

Àṣà wa ni pé àlejò pàtàkì kì í wọ ọgbà wa kó má gba adìẹ. Kì í ṣe adìẹ inú àgò tí à ń tà o. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ ni, èyí tí Alájì Bùsàrí, ọ̀gá wa, ń fọwọ́ ara rẹ̀ sìn. Alájì fi òwú líle dè é lẹ́sẹ̀ kan, ó gbé e fún ẹnjiníà.

"Ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ fi èyí ṣe ọbẹ̀."

Ẹnjiníà dúpẹ́. Bí Alájì ṣe kẹ́yìn sí i báyìí, ó gbé adìẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀, kò sì so òwú náà mọ́ nǹkan kan. Ó rò pé adìẹ tí wọ́n bá ti fún èèyàn á dúró de olówó rẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà. Nẹ́tíwọ̀kì Èkó ń ti orí òpó irin kan wọlé. Láti orí òpó yẹn, okùn dúdú kan gba òkè àgbàlá kọjá, ó gba ojú fèrèsé wọ ọ́fíìsì, nítorí pé bí a bá rì í mọ́lẹ̀, eku á jẹ ẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kọ̀ǹpútà mẹ́rin ti kọjú s'Ékòó. Lójijì, gbogbo ojú wọn ṣú. Wọ́n tàn padà, wọ́n tún ṣú.

Ẹnjiníà tú ọ̀kan wò, ó tú èkejì, kò rí nǹkan kan. Nígbà tí aago méjì lù, ó pe Èkó.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹrù àkìtàn làwọn nǹkan yìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Sàráfátù wọra. Ó lọ síbi fèrèsé, ó ń fi ojú tọ okùn náà lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ọ̀gá Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé adìẹ yín kọ́ nìyẹn?"

Àgbébọ̀ ni, láàárín okùn gan-an. Òwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ́ mọ́ okùn, kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Bí ó bá tẹ̀ síwájú, okùn á fì síwájú, nẹ́tíwọ̀kì á lọ. Bí ó bá na ìyẹ́ kó má baà ṣubú, okùn á fì sẹ́yìn, nẹ́tíwọ̀kì á dé.

Alájì fi fìlà lé e. Ó gbọn ìyẹ́ pìpì, kọ̀ǹpútà mẹ́rin náà kú pátá. Mo fi àgbàdo tàn án, ó fi ojú kan wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ ni mí. Ni ẹnjiníà bá ní kí n gbé àkàbà wá. Ó fi bàtà Èkó gùn ún, ó nawọ́, adìẹ fi àgógó sọ ọ́ lọ́wọ́. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ okùn. Adìẹ ń fì, ẹnjiníà ń fì, ìdí okùn sì ti ń yọ lára ògiri.

"Ẹ fi okùn sílẹ̀, sà, ẹ di àkàbà mú," Sàráfátù sọ láti ojú fèrèsé. "Bí okùn yẹn bá já, iṣẹ́ gbogbo wa já."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Aago mẹ́ta ti kọjá.

Sàráfátù jáde wá, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé kò sẹ́ni tó sá aṣọ rí nínú yín ni?"

Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó yọ igi ẹlẹ́ka méjì tí a fi ń ti okùn aṣọ wa sókè kó má baà wọ́lẹ̀. Ó fi ẹ̀ka rẹ̀ gbé okùn nẹ́tíwọ̀kì ró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìẹ gan-an. Okùn dúró. Adìẹ náà pa ìyẹ́ dé, ó jókòó bí ìyàwó ọ̀gá. Nínú ọ́fíìsì, ojú kọ̀ǹpútà mẹ́rin náà tàn.

"Alájì, ẹ bá wa di igi yìí mú," Sàráfátù sọ. "Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wúkọ́."

Ó wọlé, ó ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkeje. Ìta ni gbogbo wa dúró sí, à ń bẹ adìẹ nínú ọkàn wa. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méje, wọ́n sọ láti Èkó pé àwọn ti rí méjèèjìlá. A gbé Sàráfátù sókè. Alájì fẹ́ jó, ó rántí igi ọwọ́ rẹ̀, ló bá ń mi orí nìkan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Sàráfátù tó gun àkàbà, tó fi sísọ́ọ̀sì gé òwú, tí àgbébọ̀ fò lọ.

Màdáàmù tó ni ilé-iṣẹ́ Èkó pe ẹnjiníà. Ẹnjiníà gbé ohùn fóònù sókè, gbogbo wa ń gbọ́.

"Kí ló dá yín dúró látàárọ̀?"

Ẹnjiníà wo ojú ibi tí adìẹ ti sọ ọ́. "Màdáàmù, adìẹ ló bà lókùn."

"Kí wá ló ṣẹlẹ̀?"

"Ara ò rọ okùn, màdáàmù. Ara ò sì rọ adìẹ."

"Ta ló wá yanjú ẹ̀?"

"Ẹni tó ń tọ́jú ẹrù àkìtàn ni, màdáàmù."

Bí Sàráfátù ṣe di ọ̀gá lórí irú iṣẹ́ yẹn nìyẹn, láìkó kúrò n'Ìwó. Ilé-iṣẹ́ yòówù tí wọ́n bá rà, òun ni wọ́n ń rán lọ, òkè ló sì máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹnjiníà Ọláòtán ló ń bá a gbé igi ẹlẹ́ka sẹ́yìn mọ́tò. Ọ́fíìsì wa ṣì wà, òrùlé mi ṣì ń bò mí. Nítorí náà, bí àgbà kan bá tún sọ létí yín pé adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ, ẹ sọ fún un pé mo ní ó ku ìkan: ara àwọn ará Èkó gan-an ò rọ̀ lọ́jọ́ náà.