Ṣínà Pe Ìyá Rẹ̀ Lẹ́jọ́ Nítorí Àlejò

Ẹjọ́ tó wọ ààfin wa lánàá kọjá àfẹnusọ. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń kọ̀wé ẹjọ́ fún Baálẹ̀, n kò sì rí irú rẹ̀ rí. Ọmọ ló pe ìyá rẹ̀ lẹ́jọ́. Kì í ṣe nítorí ilẹ̀, kì í ṣe nítorí ogún. Ó ní ìyá òun ń ṣe àwọn àlejò òun lóore jù.

Àdúgbò wa, Ìrọ̀rùn, kò tóbi. Ẹ̀yìn Onígbòǹgbò ló wà, níbi tí a ti ń gbọ́ ariwo Maryland lápá ọ̀tún, tí a sì ń gbọ́ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ọṣẹ lápá òsì. Ṣínà tó pe ẹjọ́ yìí ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ bísíkíìtì kan títí wọ́n fi fún un ní owó ìfẹ̀yìntì. Kàkà kó rọra jókòó ti owó rẹ̀, ó gbọ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní GRA tó sọ fún un pé kò sí nǹkan kan mọ́ nínú ayálégbé ọlọ́dọọdún, pé ṣọ́ọ̀tìlẹ́ẹ̀tì layé ń ṣe báyìí: ilé tí èèyàn ń gbà fún ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì, tó bá ti ṣe ohun tó wá ṣe l'Ékòó tán, á máa lọ. Bó ṣe ní kí Nùréènì jáde nìyẹn, káfíńtà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń gbé ìsàlẹ̀ ilé bàbá Ṣínà fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó kun ibẹ̀ ní funfun, ó gbé tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ ju fèrèsé lọ sí pálọ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà sẹ́nu ọ̀nà, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ bíi fóònù kó tó ṣí. Èmi tí mò ń kọ èyí, yàrá kan ni mo háyà, n kò sì fẹ́ràn onílé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á.

Òkè ilé kan náà ni ìyá rẹ̀, Màmá Wúràọlá, ń gbé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣínà wọlé tòun ti báàgì lọ́wọ́. Ó ti di aṣọ ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì ti sanwó àyè kan fún wọn nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìkọ̀lé-Èkìtì ní aago méjì ọ̀sán. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí Baálẹ̀ pàṣẹ kí Màmá lọ gbé nílùú wọn níbẹ̀ títí di Kérésìmesì, kí òwò òun lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Màmá jókòó sórí àga, wọ́n we gèlè wọn dáadáa, wọn ò tilẹ̀ wo ọ̀gangan ibi tí báàgì náà wà.

Baálẹ̀ ní, "Ṣínà, kí ni ìyá rẹ ṣe fún ọ?"

"Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn fún àwọn kọ́sítọ́mà mi pé ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ jíire. Èèyàn tó sanwó kó lè sùn."

"Ṣé ó burú kí a kí èèyàn ni?" Màmá béèrè.

"Tó bá di Sátidé, wọ́n á gún iyán wọlé fún wọn. Baálẹ̀, ilé yẹn ní kíṣínì tiẹ̀. Mo ra máíkírówéfù síbẹ̀."

"Mo rí i. Iyán kankan ò lè jáde nínú ìyẹn."

"Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan wá lo ọjọ́ méjì. Màmá bi wọ́n pé ọdún wo ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ọmọkùnrin náà ní àwọn ò tíì ṣe é. Ni Màmá bá gba nọ́ńbà ìyá ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ìyá ẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an. A ṣì ń pe ara wa."

Ṣínà wá dé orí èyí tó dùn ún jù. Ó ní aago méjìlá ọ̀sán ló yẹ kí àlejò jáde, nítorí pé aago méjì ni ẹlòmíràn ń dé. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti gbé báàgì, Màmá á ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, wọ́n á di báàgì náà mú, wọ́n á ní kí ló ń sáré lọ ṣe, ṣebí kó dúró di ọ̀la. Àlejò á rò pé onílé ló fún òun ní ọjọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tuntun á dé láti pápá ọkọ̀ òfúrufú, á bá ẹni àná lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó ń jẹ iyán.

Baálẹ̀ kọjú sí Màmá, wọ́n ní ṣé òótọ́ ni.

"Òótọ́ ni," Màmá dáhùn. "Ṣùgbọ́n Baálẹ̀, ẹ̀yin náà ti gbàlejò rí. Tí àlejò bá ní òun ń lọ, tí a ò sọ pé kó dúró di ọ̀la, kí ló fẹ́ lọ máa sọ nípa wa? Ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́. Láyé tiwa, tí wọ́n bá ní kó o dúró, wàá dúpẹ́, wàá sì máa lọ. Mi ò mọ̀ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń dúró."

Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín. Olóyè Olúfúnṣọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, bàbá tó máa ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Baálẹ̀. Mo mọ ìdí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fún àwọn ayálégbé wọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìwé kí wọ́n jáde, nítorí ṣọ́ọ̀tìlẹ́ẹ̀tì yìí kan náà.

"Ẹ fi ọ̀rọ̀ iyán sílẹ̀ ná," Olóyè ní. "Ṣínà, ṣé òwò yìí ń mówó wọlé?"

Ojú ẹjọ́ yí padà níbẹ̀. Baálẹ̀ fúnra wọn sún síwájú lórí àga, torí àwọn náà ní ilé kan lẹ́yìn ààfin. Ṣínà gbàgbé pé ẹjọ́ lòun wá rò, ó ń dáhùn bí ẹni tó ń polówó ọjà.

"Bàbá, ohun tí ayálégbé ń san lóṣù, àlejò ń san án ní ọjọ́ mẹ́ta péré."

"Oṣù sì ní ọgbọ̀n ọjọ́," Olóyè Olúfúnṣọ́ ní. "Ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn."

Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn. Nùréènì káfíńtà ni, ó wá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí Màmá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bi Ṣínà pé ọjọ́ mélòó làwọn àlejò ń sùn níbẹ̀ lọ́sẹ̀.

"Ọjọ́ Ẹtì," Ṣínà ní. "Sátidé. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Ẹnìkan wà níbẹ̀," Nùréènì ní.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

Ṣínà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìmọ̀. Baálẹ̀ ní kí Màmá ṣàlàyé, Màmá ò sì wojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn gbọ́ tí èkúté ń sáré kiri nínú yàrá tó ṣófo, àwọn wá ní kí Nùréènì máa wá sùn síbẹ̀ kó lè máa lé wọn. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, á ká ẹní rẹ̀, á kó ẹrù rẹ̀ sábẹ́ àtẹ̀gùn.

"Màmá, ta ló fún yín ní nọ́ńbà ilẹ̀kùn?" Ṣínà béèrè. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pààrọ̀ ẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó fún mi. Àkọ́kọ́, ọjọ́ tí mo bí ẹ lo fi sí i. Ṣé ìwọ lo máa sọ ọjọ́ yẹn fún mi ni? O yí i sí ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ. O tún yí i sí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ẹ́ síṣẹ́. Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ sẹ́yìn Bíbélì mi."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí Ṣínà. Felix lorúkọ rẹ̀, ọmọ Agége tó ń gbé ní Port Harcourt báyìí, tó wá tún ẹ̀rọ kan ṣe ní iléeṣẹ́ ọṣẹ. Baálẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Agége. Ó ní tí òun bá wọ̀ síbẹ̀, òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n òun mẹ́rin ni yóò jọ sùn lórí mátírẹ́ẹ̀sì kan. Ṣínà ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ: pé Màmá fi ọ̀rọ̀ sú u, wọn ò jẹ́ kó simi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ò lọ bẹ́ẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó lo lò lé èyí tó o sanwó fún?" Baálẹ̀ béèrè.

"Méjì, Bàbá."

"Mẹ́sàn-án ni," Nùréènì ní. "Mo ń ka ọjọ́ tó máa lọ."

"Mọ́kànlá," Màmá ní. "Mo mọ iye iṣu tó tán."

Nùréènì tún búra pé òun kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú yàrá àlejò. Felix ní irọ́ ni, òun bá búútà, fìlà àti òòlù nínú wọ́dúróòbù, òun sì rò pé wọ́n fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Ó ní òun ya fọ́tò rẹ̀, òun sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé onílé yìí mọyì àṣà. Baálẹ̀ ní kó ka ohun tó kọ síbẹ̀ sókè. Ṣínà ń ṣẹ́jú sí i kó má kà á, ọmọ náà ò rí i.

"Mo kọ ọ́ pé éèsì wọn ń kán omi, tẹlifíṣọ̀n ò ṣiṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo. Pé Màmá òkè ní kí n dúró di ọ̀la, mo sì dúró. Mo fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún."

Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Wọ́n mú ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé, wọ́n yọ owó epo jẹnẹrétọ̀, wọ́n yọ owó alágbàfọ̀ tó ń fọ bẹ́ẹ̀ṣíìtì funfun, wọ́n yọ ti ẹni tó ń nu ilé, wọ́n yọ ohun tí àwọn oní-íńtánẹ́ẹ̀tì ń gé lórí ẹ̀. Ìka ọwọ́ wọn tán, wọ́n yá tèmi. Nígbà tó parí, ohun tó kù kò fi ibì kankan ju ohun tí Nùréènì ń san tẹ́lẹ̀ lọ, a ò sì tíì sọ̀rọ̀ iṣu, torí Màmá ló ń ra ìyẹn. Olóyè Olúfúnṣọ́ dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ̀. Láti fèrèsé la ti ń gbọ́ tí wọ́n ń bẹ ẹnìkan lórí fóònù pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tú ẹrù wọn padà, àṣìṣe ni ìwé yẹn.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo wo Ṣínà, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ilẹ̀ ló ṣì jókòó sí.

"Baálẹ̀," ó ní, "ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo fi dúró nídìí ẹ̀rọ bísíkíìtì ló wà nínú ilé yẹn. Tí kò bá yọrí, mi ò ní òmíràn. Ẹ jẹ́ kí Màmá lọ sílé fún ìgbà díẹ̀ péré."

Màmá dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. "Bulọ́ọ̀kù ilé yẹn, orí mi ni mo fi gbé e. Oyún ẹ wà nínú mi nígbà yẹn. Àfi kí wọ́n gbé mi jáde níbẹ̀."

Baálẹ̀ tún fìlà wọn ṣe, mo sì mú bírò mi, torí bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìdájọ́ ti dé.

"Ṣínà ní kí ẹnìkan lọ sí Ìkọ̀lé di Kérésìmesì," wọ́n ní. "Mo fọwọ́ sí i. Ṣínà ló ń lọ. Màmá ni yóò máa bójú tó ilé àti àlejò."

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Màmá ti dìde, wọ́n ti gbé báàgì tí wọn ò wò láti àárọ̀.

"Níbo lẹ ń lọ?" Baálẹ̀ béèrè.

"Mò ń bá a lọ. Inú máa ń run ún tí kò bá tètè jẹun. Ta ló fẹ́ máa se oúnjẹ fún un níbẹ̀?"

"Màmá," Ṣínà ní, "ṣebí ẹ ní àfi kí wọ́n gbé yín jáde."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Tí ìwọ náà ò bá sí ńbẹ̀, ilé ta ni mo wá ń ṣọ́?"

Ọkùnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀, ó ní òun ò ṣẹjọ́ mọ́. Felix ń sunkún lọ́wọ́ ẹ̀yìn, kò tilẹ̀ fi pamọ́. Ó wá ku ìdájọ́ tí Baálẹ̀ ti ṣe, tí mo sì ti fi bírò kọ. Wọ́n ní àwọn kì í pa á rẹ́: ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ sí Ìkọ̀lé lónìí. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní kí Nùréènì lọ tú kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà náà wá.

Nígbà tó dé, wọ́n gbé e kalẹ̀ níbi tí ọ̀daràn máa ń dúró sí.

"Kí ìwọ tó dé," Baálẹ̀ sọ fún kọ́kọ́rọ́ náà, "kò sẹ́ni tó ń tẹ nọ́ńbà kó tó wọ ilé Wúràọlá. Ìwọ ni mo dá lẹ́bi. Ìkọ̀lé, di Kérésìmesì."

Ìyókù kò gùn. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ di ti Nùréènì, yóò sì máa san owó ilé. Ọjọ́ Ẹtì sí Àìkú di ti àlejò. Àlejò tí Màmá bá ní kó dúró di ọ̀la, kó dúró, kó sì sanwó ọ̀la.

Èmi ni wọ́n ní kí n mú ẹlẹ́wọ̀n lọ sí gáréèjì. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo débẹ̀. Dírẹ́bà wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní èrò dà. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ náà sórí àga rẹ̀, nítòsí fèrèsé, mo sì sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ àti iye oṣù tí wọ́n dá fún un. Dírẹ́bà gbọ́ ọ délẹ̀, ó ní kò burú, òun ti gbé èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ó ní ẹrù.