Ṣíbí Mẹ́fà fún Ẹnu Kan

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ti kọjá lórí mi tí mi ò rántí mọ́, ṣùgbọ́n Sátidé kan wà ní Ìbà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bí mo bá tilẹ̀ hewú. Ọjọ́ náà ni ṣíbí mẹ́fà fẹ́ wọ ẹnu mi lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì sí oúnjẹ nínú ìkankan.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà: mo ní wárápá. Láti ilé ìwé girama ló ti ń bá mi fínra. Oògùn ti kápá rẹ̀ gan-an, ó sì ti pẹ́ tó ti gbé mi kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù rẹ̀ kò gbóògùn. Mo máa ń bẹ̀rù pé ó máa gbé mi. Mo tún máa ń bẹ̀rù pé ìbẹ̀rù yẹn gan-an ló máa jẹ́ kó gbé mi. Tí ọkàn mi bá wá balẹ̀ díẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé mi ò bẹ̀rù tó.

Dókítà tó ń tọ́jú mi ló ní kí n bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá. "Má fi oògùn rẹ sílẹ̀ o," ni wọ́n wí. "Eré ìdárayá ò lè rọ́pò oògùn, ṣùgbọ́n ó lè ràn án lọ́wọ́. Ara rẹ á le, oorun rẹ á dára sí i, ọkàn rẹ náà á fúyẹ́. Máa mu omi dáadáa, má sáré kọjá agbára rẹ, má dá lúwẹ̀ẹ́. Kí o sì rí i pé àwọn tẹ́ ẹ jọ ń sáré mọ ohun tó ń ṣe ọ́." Mo gba gbogbo ìmọ̀ràn náà tọwọ́tẹsẹ̀, àfi ti ìkẹyìn. Ìyẹn ni mo fi sílẹ̀ fún wọn lórí tábìlì wọn.

Ìdí tí mo fi mú eré náà ní ọ̀kúnkúndùn ni pé mo ti rí iṣẹ́ olùkọ́ kan ní Àgbádárìgì. Ilé ìwé náà á tún fún mi ní yàrá. Màmá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ Èkìtì tí kì í tètè yí ọ̀rọ̀ padà, ní àwọn ò lè jẹ́ kí n lọ dá gbé. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Nígbà tó yá, wọ́n ní tí mo bá lè ṣe eré ìdárayá náà títí oṣù á fi parí láìsí wàhálà, mo lè máa lọ.

"Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé ọ wálé fún mi lẹ́ẹ̀kan péré," ni wọ́n wí, "ìwọ àti yàrá rẹ nílé yìí lẹ jọ máa wà títí màá fi fẹ̀yìn tì."

Ẹgbẹ́ kékeré kan wà ládùúgbò wa tó máa ń sáré láràárọ̀ Sátidé, láti pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbà títí dé ẹ̀bá títì ní Okokomaiko, tí wọ́n á sì sáré padà. Olórí wọn ni Bàbá Sójà, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní bárékè Ọ̀jọ́, ṣùgbọ́n tí ohùn wọn kò tíì fẹ̀yìn tì. Alhaja onílé wa, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n á wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró. Àwọn mẹ́rin yòókù náà ti dàgbà. Èmi nìkan ni ọ̀dọ́, akọ̀wé sì lorúkọ tí wọ́n fún mi. Inú mi dùn pé kò sí ẹni tó mọ nǹkan kan nípa mi láàárín wọn.

Bàtà ló kọ́kọ́ fi mí ṣẹlẹ́yà. Mo ra kánfáàsì òkìríkà kan ní Okokomaiko, ẹni tó tà á fún mi búra pé ó máa pẹ́ láyé jù mí lọ. A ò tíì dé títì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi ṣí, tó ń pàtẹ́wọ́ fún mi bí mo ṣe ń sáré. Mo kọsẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà. Kí n tó dìde, gbogbo ẹgbẹ́ ti yí mi ká. Wọ́n ń wo ojú mi bí ẹni tó ń ṣọ́ mílíìkì lórí iná, kálukú ki ọwọ́ bọ àpò. Nǹkan kan sì ń dún wọrọwọrọ nínú àwọn àpò náà. Mo rò pé kọ́kọ́rọ́ ni.

"Akọ̀wé," ni Bàbá Sójà wí, "ọjọ́ wo lòní?"

"Sátidé ni, sà."

"Ibo la wà?"

"Okokomaiko ni, sà. Bàtà mi ló já."

"Ó ń dáhùn," ni wọ́n sọ fún àwọn yòókù, wọ́n sì fọn fèrè pé ká máa lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Alhaja kì í jẹ́ kí n sáré lápá gọ́tà mọ́. Wọ́n á mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún mi. Wọ́n á ní, "Akọ̀wé, ṣé o sùn dáadáa? Ṣé o ti lo nǹkan ẹ?" Tí mo bá bi wọ́n pé nǹkan wo, wọ́n á ní nǹkan tí èèyàn máa ń lò láàárọ̀. Mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn lórí ibùsùn mi, mo sì rí i pé ìdí kan ṣoṣo ló lè fà á: Alhaja fẹ́ fi ọmọbìnrin àbíkẹ́yìn wọn fún mi fẹ́. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n lọ́jọọjọ́ Jímọ̀.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù wá dé. Ẹrù mi ti wà nínú báàgì nílé. A sáré lọ, a sáré bọ̀, kò sí ohun tó ṣe mí. Alhaja fún mi ní ẹlẹ́rìndòdò tútù kan, mo dà á sọ́fun láìmí. Àwọn àgbà lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, èmi sì lọ sórí koríko láti ṣe irú eré kan tí mo rí lórí fóònù, èyí tó ń jẹ́ kí iṣan dẹ̀. Èèyàn á fẹ̀yìn lélẹ̀, á dijú, á gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sókè, á sì máa gbọn gbogbo ara bí aáyán tó fi ẹ̀yìn balẹ̀. Mo ń gbọ̀n, mo ń ronú Àgbádárìgì, ayọ̀ kún inú mi. Ẹlẹ́rìndòdò náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí mo ṣe ń gbọ̀n ló ń ru, ó sì gba ẹnu mi jáde, ìfófòó funfun.

"Ó ti gbé e," ni mo gbọ́ tí Alhaja wí, láìpariwo, bí ẹni tí àlejò rẹ̀ dé.

Nígbà tí mo lajú, orí mẹ́fà ló wà lókè mi, ṣíbí sì wà lọ́wọ́ kálukú. Ti Alhaja kì í ṣe ṣíbí rárá, ìgbakọ ni. Wọ́n dì mí mú bí àgbò ọjà Alábà Rágo tí wọ́n fẹ́ gbé sẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá Sójà jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ki àlùbọ́sà tí wọ́n bù sí méjì bọ ihò imú mi.

"Ẹ la ẹnu ẹ̀, kó má gé ahọ́n jẹ," ni Bàbá Sójà pàṣẹ.

"Kò gbé mi, sà. Eré ìdárayá ni mò ń ṣe."

"Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn," ni Alhaja wí. "Ẹni tó ní i kì í mọ ìgbà tó bá gbé e."

"Ẹni tó ní kí ni, mà?"

Ìbéèrè yẹn ni mo la ẹnu bi tí ṣíbí kan fi ráyè wọlé, tó sì bu eyín mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló sọ fún yín?" ni mo bi wọ́n, mo ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀. Bàbá Sójà wo Alhaja. Alhaja wo igi máńgòrò.

"Màmá ẹ ló sọ fún mi, ní bòókẹ́lẹ́," ni Alhaja wí. "Èmi náà sọ fún Bàbá Sójà, ní bòókẹ́lẹ́."

"Èmi ò sọ fún ẹnikẹ́ni," ni Bàbá Sójà wí, "àfi àwọn mẹ́rin yìí."

Inú bí mi, ojú tì mí, ẹkún sì tún fẹ́ gbọ̀n mí, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé ìbínú náà, mo ya ìtìjú sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀, mo sọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ Alhaja ṣe dà mí lọ́kàn rú. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni wọ́n ń mi orí pé ó ti dé ọpọlọ. Wọ́n ti pe Màmá mi. Kẹ̀kẹ́ márúwá gbé wọn dé, gèlè lọ́wọ́, bàtà oríṣi méjì lẹ́sẹ̀. Mo rí Àgbádárìgì tó ń bọ́ lọ lójú mi báyìí.

"Ó gbé e, màdáàmù," ni Bàbá Sójà jábọ̀, "a sì ti kápá ẹ̀."

Màmá mi wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ nìyí?"

"Kò tíì fi ẹnu sinmi látìgbà tá a ti mú un."

"Kò gbé e," ni Màmá mi wí. "Tó bá gbé ọmọ mi, kì í lè sọ̀rọ̀, oorun ló máa ń sùn. Ẹni tó ń ṣàlàyé ọkàn ẹ̀ báyìí, ara ẹ̀ yá."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àlàyé mi máa ṣe mí láǹfààní. Mo dìde jókòó, mo sì fi ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kọ́ wọn. Tó bá gbé mi lóòótọ́, ẹ má dì mí mú, ẹ má fi ohunkóhun sí mi lẹ́nu. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, ẹ fi nǹkan tó rọ̀ sábẹ́ orí mi, ẹ yí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ wo aago. Tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn ló kàn.

Bàbá Sójà gbọ́ ọ parí. "O mọ gbogbo èyí," ni wọ́n wí, "o sì wá ń wò wá níran látìbẹ̀rẹ̀ oṣù?"

Èmi náà wá wo igi máńgòrò.

Bá a ṣe ń lọ sílé, Màmá mi ní, "Ẹnì kan péré ni mo sọ fún."

"Ẹnì kan yẹn ní ẹnu mẹ́fà, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n gbé ọ wálé ni, àbí o ń rìn bọ̀?"

"Mò ń rìn bọ̀, mà."

"Máa lọ sí Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n fúnra rẹ lo máa sọ fún wọn níbẹ̀. Mi ò ní Alhaja lọ́hùn-ún."

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi ò dákẹ́ o, ó ń rìn kiri Ìbà láìmú mi dání. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ilé ìwé náà, mo sọ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ohun tó ń ṣe mí àti ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ní báyìí, èmi àti olùkọ́ eré ìdárayá la jọ ń sáré láàárọ̀, mo sì ń lo oògùn mi déédéé. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ náà, bàbá olùkọ́ kan nawọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ṣíbí ńkọ́?"

Mo ya ẹnu mi, mo fi eyín mi tí ṣíbí bu hàn wọ́n.

Alhaja ti fún mi ní ìgbakọ náà lọ́jọ́ tí mò ń lọ, wọ́n ní kí n máa fi bu ẹ̀bà. Bí mo bá ti mú un lọ́wọ́, ẹ̀rín á pa mí, nítorí mo ti fi wọn ẹnu mi wò lójú dígí: kì bá tí wọlé.