Ata Inú Ìkòkò Kúskús

Gbogbo ẹjọ́ tí mo ti gbọ́ ní abúlé wa lórí òkè Atlas yìí, kò sí èyí tó tó ti oṣù tó kọjá níwájú Baálẹ̀ Usaden. Baha ló pe Itto, ìyàwó rẹ̀, lẹ́jọ́.

"Baálẹ̀, ẹ gbà mí o! Obìnrin yìí ti sọ ilé mi doko. Ó gbin tòmátì sínú kẹ́tùlù tíì. Ó gbin àlùbọ́sà sínú bàtà tí mo fi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo ní kí n sùn, mo bá kùkúḿbà nínú agolo lórí ìrọ̀rí mi!"

"Ibẹ̀ ló móoru jù," Itto dáhùn.

Ẹ̀rín pa àwọn ìgbìmọ̀. Baálẹ̀ fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

"Itto, kí ló dé tí o ò gbìn wọ́n síta bíi ti gbogbo èèyàn?"

"Yìnyín ni, Baálẹ̀. Èyí tí mo gbìn síta léṣìí, yìnyín pa á tán. Ọbẹ̀ funfun la jẹ lọ́dún náà, ọkọ mi yìí, Bàbá Tuda, ò sì yé ráhùn. Mo wá ní kí wọ́n kọ́kọ́ hù nínú ilé. Ìkòkò kúskús ni mo gbin ata sí. Ó ti ní ihò nídìí, omi ò lè dúró síbẹ̀ kó mú gbòǹgbò jẹrà."

"Kí ooru omi lè gba ibẹ̀ kọjá se hóró àlìkámà ni wọ́n ṣe dá ihò sí i!" Baha figbe ta. "Ẹ̀gbọ́n mi Moha wá kí mi lọ́jọ́ Jímọ̀, kò sí ohun tí a ó fi se kúskús!"

"Ṣé ẹ ò wá jẹ kúskús ni?" Baálẹ̀ bi í.

Baha fa fìlà tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀yìn ọrùn jàlámíà rẹ̀ borí.

"Wọ́n jẹ ẹ́," ni Itto wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo lọ pọnmi. Kí n tó dé, ó ti da ata mi sí ààtàn, ó gbé ìkòkò kaná. Ata tí mò ń kí láràárọ̀! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé ni."

"Baha, ṣé o fọ ìkòkò náà?"

"Mo gbọ̀n ọ́n."

Wọ́n pe Moha.

"Kúskús náà dùn, Baálẹ̀. Ó kúná dáadáa."

Yamna, aládùúgbò wọn, fò dìde. "Irọ́ ńlá! Èmi náà jẹ níbẹ̀. Yanrìn ń ró lẹ́nu wa bí ẹni ń lọ ata. Moha yìí gan-an ló ń bi mí bóyá òkúta ni àbí eyín òun ló kán!"

"Moha, yanu," Baálẹ̀ pàṣẹ.

Ó yanu. Eyín iwájú kan ò sí níbẹ̀.

"Ó ti kán tipẹ́," Moha ní.

"Láti ọjọ́ Jímọ̀!" Yamna fèsì.

Baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀ forí korí. Ó sì dájọ́.

"Tòmátì ò ní kúrò nínú kẹ́tùlù títí yìnyín á fi lọ. Ní ti ata, ooru ló ń fẹ́, ara Baha sì gbóná, gbogbo wa la gbọ́ ariwo rẹ̀. Ẹ bu erùpẹ̀ sínú fìlà ẹ̀yìn jàlámíà rẹ̀, kí Itto gbin ata míì sí i. Baha, o ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, o ò gbọdọ̀ sáré, o ò sì gbọdọ̀ bínú títí wọ́n á fi hù."

"Baálẹ̀! Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa kírun?"

"Bọ́ ọ sílẹ̀. Kí o rọra bọ́ ọ."

Láti ọjọ́ náà, Baha a máa jókòó síwájú ilé rẹ̀ láràárọ̀, á kẹ̀yìn sóòrùn, á na ọrùn gbọnrangandan. Itto á máa fi ṣíbí wọ́n omi sí i lẹ́yìn. Lánàá, mo kígbe kí i bí mo ṣe ń kọjá. Ó yára fi ìka kan ètè.

"Rọra," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Wọ́n ti ń hù. Ewé ọ̀kan ń rìn mí lọ́rùn."