Katakata Bàbá àti Èyí Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Ọdún mẹ́ta gbáko ni katakata olóògbé bàbá Ìyá Àgbàdo, èyí tí bàbá náà fúnra rẹ̀ máa ń pè ní Àgbà, ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí pé kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé yìí àfi ọjọ́ tí ọkọ̀ oníbàárà yóò jáde. Katakata náà ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé adìyẹ ti pamọ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, àwọn ọmọ-ọmọ adìyẹ náà sì ti ń pè é ní ilé bàbá wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Àgbàdo, àbígbẹ̀yìn olóògbé, tó ń ro oko tí bàbá wọn fi sílẹ̀, wọ ṣọ́ọ̀bù wá pẹ̀lú bàtà oko lẹ́sẹ̀. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti sọ ọ́ gbangba pé bí ọjọ́ Ajé bá bá ilẹ̀ náà láìtú, àwọn á gé e ní pọ́lọ́ọ̀tì pọ́lọ́ọ̀tì. Èyí àgbà nínú wọn ti ra okùn tí yóò fi wọ̀n ọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọjú láti abẹ́ ọkọ̀ kan. Awò ojú rẹ̀ kò ní gíláàsì kankan nínú. Ó ní ọpọlọ ni òun fi ń ríran.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá gbọ́ lónìí. Ká tún ti Bàbá ṣe ni, àbí ká ra òmíràn?"

"Ìyá, ẹ kọ́kọ́ jókòó."

"Mo ti jókòó nílé kí n tó máa bọ̀."

"Wọn kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lórí ìdúró."

Ìyá Àgbàdo jókòó sórí táyà kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n nu ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ.

"A sa ipá wa."

"Ẹ ṣeun."

"Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti lọ."

"Lọ síbo?"

"Ó lọ ni, ìyá. Bí àgbàlagbà ṣe ń lọ."

Ìyá Àgbàdo tẹrí ba. "Ṣé ó jẹ̀yà kó tó lọ?"

"Rárá o. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló lọ."

"Ṣé mo lè rí òkú rẹ̀?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n húkọ́. "Òkú kẹ̀? Ooru ló yọ́ ọ, ìyá. Ó di omi, omi yẹn sì rin wọnú ilẹ̀ lọ."

"Irin?"

"Irin àwọn ará àtijọ́. Ìtìjú wà lára wọn. Bí àsìkò wọn bá ti tó, wọn kì í jẹ́ ká máa wo àwọn."

Ó wá fi bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣàlàyé ohun tó ṣe ìyókù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọlu sítíárìn. Làkúrègbé mú jíà. Ìjókòó ní tirẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kan ló kàn dìde, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ìyá Àgbàdo wo Àgbà níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: táyà méjì tó ti fẹ̀yìn tì, bọ́nẹ́ẹ̀tì pupa kan, àti adìyẹ. Afẹ́fẹ́ ló kún ibi tó kù.

"Bí a bá ní ká tún un ṣe, ìgbà wo ni yóò jáde?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọkọ̀ ojú omi ni yóò kó àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ wá, ọkọ̀ ojú omi náà kò sì tíì ní ìdí, wọ́n ṣì ń kàn án lọ́wọ́. "Ọdún méje, bí ojú ọjọ́ bá dára."

"Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ni mò ń sọ."

"Ọjọ́ Ajé náà ni yóò bọ́ sí. Mo ti ṣírò rẹ̀."

Ìyá Àgbàdo ronú kan okùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní ó dáa, tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ibo ni èèyàn ti máa ń rí òmíràn rà? Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí ìjọba.

"Orí yín ló gbé yín wá lónìí. Ẹlòmíràn ń bọ̀ wá wò ó tó bá di ọ̀sán."

Ó mú un lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fa tapólì kan kúrò bí ẹni tó ń ṣíjú ìyàwó. Katakata búlúù kan dúró níbẹ̀, ó ń dán gbinrin, eṣinṣin mẹ́ta sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Àná ló ti òkè òkun dé. Omi òkun ò tíì gbẹ lára rẹ̀."

"Ọ̀dà ni mò ń rí yìí."

"Ọ̀dà ọ̀hún kì í tètè gbẹ. Òtútù ló mọ́ ọn lára."

Ìyá Àgbàdo gun orí rẹ̀. Ó jókòó, ó sún síwájú, ó sún sẹ́yìn, ó tún jókòó.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìjókòó yìí jìn ní apá òsì."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn."

"Ìbàdí ọ̀tún ló máa ń dun Bàbá wa. Apá òsì ni wọ́n fi jókòó fún ọgbọ̀n ọdún. Bí tiwọn ṣe jìn gẹ́lẹ́ nìyí."

"Àwọn tó ń ṣe é máa ń ṣèwádìí gan-an, ìyá. Ìròyìn àgbẹ̀ tó dáńgájíá máa ń dé etígbọ̀ọ́ wọn."

Ojú Ìyá Àgbàdo tàn. "Wọ́n gbọ́ nípa Bàbá wa lọ́hùn-ún?"

"Fọ́tò wọn wà lára ògiri ilé iṣẹ́."

Ó mi orí tìyanu tìyanu, ó sì na ọwọ́ sí sítíárìn. Àkísà kan tó ní ilà funfun ni wọ́n wé mọ́ ọn. Ó fi ìka tẹ̀ lé e yíká títí ó fi kan nǹkan róbótó kan.

"Nígbà tí sítíárìn Bàbá sán, aṣọ ilé ìwé mi ni wọ́n ya, tí wọ́n fi dì í. Mo sunkún dé ilé ìwé lọ́jọ́ náà. Bọ́tìnì rẹ̀ rèé."

"Fèrè ni ìyẹn."

Ìyá Àgbàdo tẹ̀ ẹ́. "Kò dún."

"Wọn kì í fẹ́ ariwo lọ́hùn-ún."

Ìyá Àgbàdo gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi èékánná ha irin orí táyà díẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ibi tó ha.

"Pupa ni abẹ́ rẹ̀."

"Ẹ ti dá a lọ́gbẹ́, ìyá."

"Háà. Pẹ̀lẹ́ o," ni Ìyá Àgbàdo sọ fún katakata náà, ó sì fi ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ nù ún. "Mi ò mọ̀ pé ara rẹ̀ ṣì tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ tan án kí n gbọ́ ohùn rẹ̀, kí n lè rí ohun wí fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Katakata sín lẹ́ẹ̀kan, ó sùn padà. Ó tún yí i. Ó fún un ní epo, ó bá a wí, ó bẹ̀ ẹ́, ó ta á nípàá, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó jáde pẹ̀lú imú dúdú, òógùn sì ń gba ibi tó yẹ kí gíláàsì wà wọ ojú rẹ̀. Katakata kò mira.

"Òru ni nílùú tó ti wá báyìí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kò tíì mọ aago ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ṣáà máa mú un lọ, tó bá délé, á jí."

"Bí ti Bàbá náà ṣe máa ń ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Ìyá, ẹ̀rọ ìgbàlódé nìyí o. Ìwé ni wọ́n fi ń tan án."

Ìyá Àgbàdo ti sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ bàtà oko ẹsẹ̀ kan, ó fi gbá irin orí táyà òsì lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ẹnu sún mọ́ ibi tí èéfín ń gbà jáde, ó sì sọ ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń sọ láràárọ̀ ayé rẹ̀:

"Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Àwọn ọmọ ò tíì jẹun."

Ó gòkè padà, ó yí kọ́kọ́rọ́. Katakata bú ramúramù. Èéfín dúdú bo Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ́lẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, adìyẹ dìde lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì pupa, ó sáré wá, ó fò sẹ́yìn ìjókòó, ó sì ba síbẹ̀ bí ẹni tó ti mọ ilé.

Nígbà tí èéfín ṣí díẹ̀, àwọn méjèèjì ń wo ara wọn.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Ìyá."

"Ó dáhùn."

"Ojúlówó ẹ̀rọ máa ń dáhùn."

"Ó gbọ́ Yorùbá."

"Wọ́n ń kọ́ wọn lọ́hùn-ún kí wọ́n tó kó wọn sọ́kọ̀."

"Ó mọ̀ pé Àgbà lorúkọ òun."

Ọ̀jọ̀gbọ́n la ẹnu. Èéfín ló jáde. Ó pa ẹnu dé, ó ronú, ó tún là á. "Ìyá, mi ò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Èyí yìí, ọmọ ìyá ti Bàbá yín ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ò bá ti tètè sọ. Mọ̀lẹ́bí wa wá dé láti òkè òkun, ẹ wá fi tapólì bò ó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù?" Ìyá Àgbàdo tì í sí jíà. "Ilé ló yẹ kó sùn."

Katakata gbéra. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó ṣe, wàhálà tó ṣe, ọ̀dà tó kùn.

"Ọ̀dà mi ńkọ́, ìyá?"

"Kò tíì gbẹ. Tó bá gbẹ, ẹ wá ha á."

"Kí ni kí n wí fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́sàn-án?"

"Ẹ ní ó ti lọ. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló lọ."

Ó ti ń yà sójú títì báyìí. Ó ní okùn tí ẹ̀gbọ́n òun rà yóò wúlò fún ohun ìtúlẹ̀, nítorí irin tí wọ́n fi ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ti já. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró, ó nawọ́ sẹ́yìn síbi táyà méjì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ìyá, èyí tó kù sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò sọ bóyá kí n tún un ṣe tàbí kí n jù ú nù."

Ìyá Àgbàdo dẹwọ́ epo, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ bá wa tún un ṣe. Bó bá di ọdún mẹ́ta sí i, tó ti òkè òkun dé, tó sì ti di aláwọ̀ ewé, màá wá rà á."